Orúkọ Kan ní Ìlà Mẹ́ta

9 Oṣù Kejì

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò wa, ẹ kú ìdí ẹ̀rọ. Báwo ni etí yín? Ṣé ẹ ń fi òògùn tí dókítà fún yín sí i, àbí ẹ ti jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì bíi tọjọ́sí? Èmi àti Ẹyẹlé wà láàyè, a ò ṣàìsàn. Mo ní kó wá kí ìyá àgbà rẹ̀, ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan bébà yìí, ó sì lọ. Ìkíni rẹ̀ nìyẹn, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ǹ bá ti pè yín lórí fóònù oníkẹ́míìsì, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní pè yín wá sídìí fóònù òun mọ́ àfi tí ẹ bá tún ṣòkòtò tó há mọ́ òun lára rán. Kí ló dé tí ẹ sọ fún un pé ìdí rẹ̀ ló tóbi, pé ṣòkòtò ò jẹ̀bi? Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ó ti wá di lẹ́tà-lẹ́tà fún wa báyìí, lẹ́tà sì ń pẹ́ lọ́nà bíi pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi nìyí. Ẹyẹlé máa wọ ilé-ìwé ní oṣù kẹsàn-án. Níbí, kì í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ló ń gba ọmọ, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń pín wọn. Wọ́n á fún òbí ní fọ́ọ̀mù kan tó ní ìlà mẹ́ta, kó kọ ilé-ìwé tó wù ú jù sókè, kó kọ èyí tó tẹ̀ lé e sábẹ́ rẹ̀, títí dé ìkẹta. Àwọn ni wọ́n á wá jókòó, wọ́n á wo ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀, wọ́n á wo ọmọ tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ọn jù, wọ́n á sì pín in bó ṣe yẹ lójú wọn.

Ilé-ìwé kan wà ní òpin àdúgbò wa. Tí mo bá dúró lójú wíńdò, mo ń rí òrùlé rẹ̀. Òmíràn wà lẹ́yìn ojú irin, kò jìnnà púpọ̀. Àwọn tó kù, Ọlọ́run ló mọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ sì mọ iṣẹ́ mi. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo ti máa ń wà nílé ìfọṣọ ọsibítù, tí mò ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́jẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ìyá Ìsàlẹ̀, opó arúgbó tó ń gbé yàrá abẹ́ wa, gbà pé òun á máa mú Ẹyẹlé lọ, òun á sì máa mú un bọ̀, ṣùgbọ́n eékún ń dùn ún, kò lè gun bọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá gbé ọmọ yìí lọ síbi tó jìnnà, kò sẹ́ni tó máa mú un lọ. Èmi ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí iṣẹ́ yìí ni ìwé ìgbélùú wa so mọ́. Ọjọ́ tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi ni wọ́n á ní ká máa lọ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Látìgbà tí a ti sin bàbá rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi èmi. Ìyá Ìsàlẹ̀ tó ń fún un ní búrẹ́dì lójoojúmọ́ ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Tó bá sọnù, kò ní lè sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹni tó bá rí i. Màámi, kí ni kí n kọ sí ìlà mẹ́ta yìí? Ẹ tètè fèsì, ìparí oṣù kẹta ni wọn ò ní gba fọ́ọ̀mù mọ́.

Èmi ọmọ yín.


24 Oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ò béèrè ẹsẹ̀ mi, etí nìkan lo béèrè, bíi pé etí ni mo fi ń wa ẹ̀rọ. Òògùn náà ń rùn, mi ò fi sí i. Ní ti oníkẹ́míìsì, kó lọ wá ìdí mìíràn kó tó wá ṣòkòtò mìíràn. Mi ò bá a jà, òótọ́ ni mo sọ fún un, òótọ́ sì korò.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ pàdánù oorun. Gbọ́ tèmi. Kọ orúkọ ilé-ìwé òpin àdúgbò yín sí ìlà kìíní. Kọ ọ́ sí ìkejì. Kọ ọ́ sí ìkẹta. Kí ẹni tó bá ń wo ìwé náà mọ̀ pé o ò wá ṣeré. Tí o bá dárúkọ mẹ́ta, o ti fẹnu ara rẹ sọ pé èyíkéyìí tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ti tó, èyí tí kò dáa ni wọ́n á sì gbé fún ọ, torí wọ́n ti rí i pé o ò ní jà. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, ká má tíì wá sọ ẹni tó lé mẹ́ta.

Kí lo rò pé mo ṣe nígbà tí mo ń wá ilé-ìwé gidi fún ọ nílùú ẹ̀gbọ́n mi? Àwọn ìyá tó kù ń sáré láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kejì. Èmi gbé àpótí lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀gá kan ṣoṣo, mo jókòó síbẹ̀. Tó bá jáde, mo kúnlẹ̀ kí i. Tó bá wọlé, mo kúnlẹ̀ kí i. Ọjọ́ tí mo sú u ló kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Tí ìjọba ìbílẹ̀ yín bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwọ náà lọ jókòó síbẹ̀.

Má fi ìbẹ̀rù kó ìbẹ̀rù ran ọmọ. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ò ní ṣòfófó, ìyẹn náà dáa. Bá mi fi ọwọ́ pa á lórí.

Èmi ìyá rẹ, aránṣọ tí kì í jẹ̀bi.


14 Oṣù Kẹta

Màámi,

Ẹ kú àdúrótì wa. Mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo kọ orúkọ kan náà sí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo fi bírò tẹ̀ ẹ́ dáadáa kó lè dúdú.

Ìjọba ìbílẹ̀ ò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àga oníke ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà, o ó jókòó dè é, kò sí ẹni tí èèyàn lè kúnlẹ̀ fún, torí gíláàsì ló wà láàárín. Ọmọbìnrin kan ló ń gba fọ́ọ̀mù. Ó wo tèmi, ó tún un wò, ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹni tó bá mọ ohun tó fẹ́, ohun kan ló ń dárúkọ. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́yìn mi, ọkùnrin kan sì ti ń kùn. Ó lu òǹtẹ̀, ó fi í sínú páálí pẹ̀lú tàwọn yòókù.

Ìyá Ìsàlẹ̀ béèrè àwọn ilé-ìwé tí mo kọ, mo purọ́ fún un, mo ní mo kọ mẹ́ta. Mi ò mọ ìdí tí mo fi purọ́. Bóyá torí mi ò fẹ́ kó ní mo ṣe àṣìṣe ni. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìwé á dé. Tí èmi àti Ẹyẹlé bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé náà, ó máa ń dúró wo àwọn ọmọ tó ń ṣeré. Lánàá ó fà mí láṣọ, ó ní, "Èmi náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bá mi gbàdúrà kí n má ti sọ ohun tí kò ní ṣẹ.

Ọmọ yín.


12 Oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Kí ló ṣẹlẹ̀? Oṣù tí o dá ti dé, ó ti lọ, mi ò gbúròó rẹ. Lẹ́tà tí mo kọ lẹ́yìn ìyẹn, o ò fèsì. Apínlẹ́tà ti ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn báyìí tó bá rí mi, torí mo ti ń dì í láṣọ mú.

Ara mi ò lélẹ̀. Mo rán ọwọ́ aṣọ méjì sí apá kan náà lára bùbá ìyàwó pásítọ̀, mi ò mọ̀ títí ó fi wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ àìsàn ni, sọ fún mi. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti lé yín ni, sọ fún mi. Ojú kì í ríbi kó fọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ojú ò rí yìí ló ń fọ́ mi lórí. Kọ ìlà kan péré, kí n ṣáà rí ọwọ́ rẹ lórí bébà.

Ìyá rẹ.


30 Oṣù Karùn-ún

Màámi,

Ẹ má bínú. Mi ò ṣàìsàn, wọn ò sì lé wa. Mi ò fèsì torí ohun tó wà lẹ́nu mi ò ṣeé kọ sí ìyá ẹni.

Ìwé dé ní oṣù kẹrin. Mo kà á lórí àtẹ̀gùn, mo jókòó síbẹ̀. Wọn ò fún wa ní ilé-ìwé òpin àdúgbò. Wọ́n gbé Ẹyẹlé lọ sí òdìkejì odò, bọ́ọ̀sì méjì, ọjà ńlá sì wà láàárín.

Mo lọ bá ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn ọmọ tó ní ẹ̀gbọ́n níbẹ̀ àti àwọn tí ilé wọn sún mọ́ ọn jù tiwa lọ ti gba gbogbo àyè. Ó ní kíkọ orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹta ò fi nǹkan kan kún un. Ìlà kìíní nìkan ni wọ́n kà, ìlà méjì tó kù dà bí èyí tí mo fi sílẹ̀ lófìfo. Ó ní ká ní mo kọ ilé-ìwé ẹ̀yìn ojú irin sí ìlà kejì ni, àwọn ìbá fi Ẹyẹlé síbẹ̀, torí àyè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé dídárúkọ ìkejì kì í ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mi ò dárúkọ rẹ̀, àwọn tó dárúkọ rẹ̀ ni wọ́n pín in fún, ibi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ló ṣẹ́ kù fún ọmọ mi.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Màámi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òwe yẹn. Kí ló dé tí ẹ gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo nílò rẹ̀?

Lọ́jọ́ tí mo ní ìsinmi, mo mú Ẹyẹlé lọ wo ibẹ̀. Bí a ṣe sọ̀ nínú ọjà yẹn, ọmọlanke kan gba àárín wa kọjá, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo máa fi rí i, ó dúró sójú kan, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, obìnrin kan tẹ̀ ba níwájú rẹ̀ tó ń béèrè orúkọ rẹ̀, ó ń béèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ò ya ẹnu. Ó rí mi tí mò ń bọ̀, kò tiẹ̀ lè pè mí. Èmi ni mo sunkún délé.

Mo bẹ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ kó jẹ́ kí n máa pẹ́ dé, ó ní tí mo bá fẹ́ máa pẹ́ dé kí n wá ibi tí wọ́n ti ń pẹ́ dé. Òfin ibí sì ni pé tí ọmọ tó tó ilé-ìwé lọ bá wà nílé ní oṣù kẹsàn-án, òbí rẹ̀ ni wọ́n máa gbé lọ sílé ẹjọ́. Mo ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun.

Ọmọ yín.


15 Oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo ti gbọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ó dáa. Mi ò mọ̀ pé ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹni tó mọ ohun tó fẹ́.

Ká pa ìyẹn tì. Mo ti rò ó, mo ti rò ó, ibì kan náà ni mò ń já sí. Gbé ọmọ náà wá fún mi. Ilé-ìwé wà níbí, èmi ni mo ń rán aṣọ ìyá tó jẹ́ ọ̀gá wọn, kò jẹ́ sọ pé kò sí àyè. Ọmọ ò ní gun bọ́ọ̀sì kankan. Á máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti ní kí káfíńtà wá wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì kékeré lè wọ̀. Kó wà lọ́dọ̀ mi títí wàá fi rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ wọn.

Ìyá rẹ, tí o gbà pé kò mọ nǹkan kan.


4 Oṣù Keje

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrora etí.

"Títí wàá fi rí ojútùú." Gbólóhùn yẹn dẹ́rù bà mí ju ìwé ìjọba lọ. Ohun tí ẹ sọ fún mi nìyẹn nígbà tí ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ ní sáà kan péré ni. Mi ò ju Ẹyẹlé yìí lọ nígbà náà. Nígbà tí mo máa fi padà sílé, mo ti di ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ ò sì mọ̀ pé n kì í fi ṣúgà sí tíì. Ẹ bù ú sí i, mo mu ún, torí ojú yín ń tì mí bí ojú àlejò. Ẹ̀yin àti èmi fẹ́ràn ara wa, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ò rí gbà padà mọ́. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ wà láàárín èmi àti Ẹyẹlé. Èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Tí mo bá rán an lọ, ta ni yóò kù tó máa bá sọ̀rọ̀?

Mo ti lọ jẹ́ ẹjọ́ náà. Obìnrin méjì àti ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn tábìlì, omi wà nínú ife níwájú wọn. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo kọ ilé-ìwé kan ṣoṣo. Mo sọ bí a ṣe ń ṣe é nílé, pé jíjókòó sí ibì kan ni a fi ń fi hàn pé a fẹ́ ẹ. Wọ́n tẹ́tí, wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà wá yíjú sí Ẹyẹlé, ó bi í pé ilé-ìwé wo ló fẹ́. Màámi, ọmọ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó wọ abẹ́ tábìlì, ó di ẹsẹ̀ mi mú. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀. Oṣù kẹjọ ni wọ́n á fún mi lésì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí káfíńtà dúró ná.

Ọmọ yín.


20 Oṣù Keje

Ìwọ,

Mo fi ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kí o lè mọ̀wé. Ìwé tí o mọ̀ yẹn lo fi ń bú mi yìí. O ṣeun.

Mi ò ní tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Ilé-ìwé tó wà níbí nígbà náà, òjò ló ń kọ́ wọn, tíṣà kì í wá. Tí wọ́n bá dá mi padà sí ọjọ́ yẹn, ohun tí mo ṣe náà ni mo máa ṣe. O rò pé ìwọ nìkan lo pàdánù ọdún wọ̀nyẹn ni? Mo ń rán aṣọ ọmọ ọlọ́mọ, mi ò mọ ìwọ̀n tìrẹ.

Tí o bá fẹ́ di ọmọ rẹ mú, dì í mú. Mi ò ní dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Má kọ̀wé sí mi títí inú mi á fi rọ̀.


17 Oṣù Kẹjọ

Màámi mi,

Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má kọ̀wé. Ẹ dárí jì mí, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Wọ́n ti dá ẹjọ́ náà. Wọ́n ní àánú ṣe àwọn, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ ò rú òfin kankan, èmi ni mi ò lo àyè tí wọ́n fún mi. Wọ́n fi orúkọ Ẹyẹlé sẹ́yìn àwọn tó ń dúró de àyè. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀.

Mo ti gbìyànjú gbogbo rẹ̀. Mo wá ẹni tí màá sanwó fún kó máa mú un gun bọ́ọ̀sì. Ẹni kan wá, Ẹyẹlé tọ̀ sára nígbà tó dì í lọ́wọ́ mú. Ilé-ìwé á wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Tí mo bá mú un lọ fúnra mi, iṣẹ́ bọ́, ìwé ìgbélùú bọ́. Tí mi ò bá mú un lọ, ilé ẹjọ́ ni.

Ẹ̀yin lẹ jàre. Mo ń gbé e bọ̀ wá fún yín. Obìnrin oníṣòwò kan tó máa ń kó aṣọ kọjá ààlà ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ yín ní Fúráìdè, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, mi ò sì mọ ìgbà tó tún máa lọ. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, Ẹyẹlé sì mọ ojú rẹ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n á dé. Ó ní òun ò ní lè dúró, torí ọkọ̀ òun ń lọ síwájú. Mo ti sọ fún un pé ẹ kì í jáde lọ síbì kankan, pé tí ẹ ò bá dáhùn, ìdí ẹ̀rọ lẹ wà, ẹ ò gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn. Mo ní kó gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa lọ, ẹ ó jáde bá a.

Mo ti sọ fún Ẹyẹlé. Ó bi mí pé sáà mélòó ni. Mo ń ká aṣọ rẹ̀ sínú báàgì lọ, Màámi. Tó bá dé, ẹ má bù ṣúgà sí tíì rẹ̀ kí ẹ tó bi í. Á mi orí tàbí kó gbọn orí. Ẹ ṣáà bi í.

Ọmọ yín tó kúnlẹ̀.


18 Oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Inú mi ti rọ̀. Má bi mí léèrè bó ṣe rọ̀. Mo kàn ń rán aṣọ ọmọ kan lọ́jọ́ kan, mo sì rí i pé mi ò mọ ìwọ̀n ti Ẹyẹlé náà.

Di ọmọ rẹ mú. Má rán an síbì kankan. Èmi ni mò ń bọ̀.

Má pariwo. Mo ti dá aṣọ àwọn oníbàárà padà fún wọn, èyí tó tán àti èyí tí kò tán. Oníbàtà òdìkejì mi ní orí mi ti yí, mo ní ó ti pẹ́ tó ti yí. Ní Fúráìdè ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, màá ti ilé pa, màá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí mi, màá wọ ọkọ̀ tó ń kọjá ààlà. Mi ò lè dúró de èsì rẹ, torí ilé-ìwé á ti wọlé kó tó dé. Mi ò tíì kúrò nílẹ̀ yìí rí láyé mi, ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an. Mo ń fojú inú wò ó pé àwọn aṣọ́bodè á bi mí léèrè nǹkan, mi ò ní gbọ́, wọ́n á rò pé mò ń fojú di wọ́n. Síbẹ̀ mò ń bọ̀.

Etí ni kò dáa, ẹsẹ̀ mi le. Èmi ni màá máa mú un gun bọ́ọ̀sì méjèèjì yẹn, lálọ àti lábọ̀. Òun ò ní sọ̀rọ̀, èmi ò ní gbọ́, a ó bá ara wa mu. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí o ò sí nílé, màá jókòó lórí àtẹ̀gùn títí wàá fi dé.

Ìyá rẹ tó ń bọ̀.


30 Oṣù Kẹjọ, ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè

Bàbá Oníbàtà,

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Èmi ni ọmọ aránṣọ tó wà ní òdìkejì ilé yín. Ẹ má bínú pé mi ò kí yín tó bó ṣe yẹ, ẹni tó máa gbé lẹ́tà yìí ti fẹ́ gbéra.

Màámi wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ọ̀sán òní ló dé. Mi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀, òun náà ò mọ̀ pé mo ti rán ọmọ mi sí i, lẹ́tà wa kọjá ara wọn lọ́nà. Àárọ̀ ọjọ́ tó kúrò nílé ni ọmọ mi kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọmọ náà á ti dé ẹnu ọ̀nà Màámi báyìí, ilé sì wà ní títì. Obìnrin tó mú un wá ò ní dúró. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ fún un pé kó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa lọ.

A ti pe oníkẹ́míìsì láìmọye ìgbà, kò gbé e, Sọ́ńdè ni wọn kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọkọ̀ èrò tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ yín títí di Ọjọ́rú. Onítírélà kan ń lọ nísinsìnyí, kò gbà láti gbé èèyàn, ṣùgbọ́n ó gbà láti gbé lẹ́tà yìí, ó ní òun á fi lé yín lọ́wọ́. Màámi ní nígbà mìíràn ẹ máa ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ yín lópin ọ̀sẹ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ẹ má lọ.

Kí ẹ lè mọ̀ ọ́n: ọmọbìnrin ni, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, irun rẹ̀ kúrú. Màámi kò rí i mọ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, kò tíì tú ẹrù rẹ̀, pé lánàá níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń dúró ní ààlà, òun rí ọmọbìnrin kan nínú súwẹ́tà aláwọ̀ ewé, ó jókòó ti ẹrù aṣọ oníṣòwò kan. Ó ní òun kí i. Ọmọ náà wò ó, kò dáhùn. Màámi ní òun sọ lọ́kàn ara òun pé irú ọmọ wo ni wọn ò kọ́ láti kí àgbà yìí, òun sì kọjá lọ wọ ọkọ̀ òun. Látìgbà tó ti sọ ọ́, kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ló dì mú.

Èmi náà ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Mi ò tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ohun tó bá fẹ́ dà kó dà.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, tí ẹ bá rí i, ẹ má bi í ní orúkọ. Ẹ má fà á lọ́wọ́, á tọ̀ sára. Ẹ gbé bàtà tí ẹ ń rán dání, kí ẹ lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ máa ṣiṣẹ́ yín. Tí ẹ bá gbé búrẹ́dì sílẹ̀ tí ẹ wo ibòmíràn, á jẹ ẹ́. Màámi ní kí n kọ ọ́ pé kí ẹ fọ́ ilẹ̀kùn òun, kí ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni, kí ọmọ náà rí inú ilé sùn.

Ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Kò ní dá yín lóhùn. Ẹ ṣáà máa sọ ọ́.